Wọ́n Ní Màá Rì Bí Ọlọ

Mo léfòó! Ẹ gbọ́ mi o, mo léfòó! Ojú ọ̀run ni mò ń wò, omi kún etí mi méjèèjì, ikùn mi yọ síta bí erékùṣù, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀, ọwọ́ mi ò di nǹkan kan mú. Èmi yìí, èmi tí wọ́n ń pè ní tírélà ládùúgbò, mo sùn gbalaja sórí omi bí ẹni sùn sórí bẹ́ẹ̀dì olówó. Mo pariwo, omi wọ ẹnu mi, mo tu ú dànù, mo tún pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dúró létí púùlù, ó na fóònù sókè, fídíò ìtìjú mi ló wá yà. Ẹnu ẹ̀ là, kò lè pa á dé. Ṣíọ̀! Kó máa yà á lọ.

Ẹ jẹ́ n mí, kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yìí jọ ń gbé yàrá kan ní Okota, ní àdúgbò tó jẹ́ pé òjò ò ní tíì dá tí ọ̀nà á ti di odò. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ó sì ń ṣe bí ẹni pé òun gba ẹ̀bùn fún un. Tíì tó ń fa ikùn wọlé ló ń tà. Èmi ni kọ́sítọ́mà àkọ́kọ́, bí mo fẹ́ bí mo kọ̀. Láràárọ̀, á kọ́kọ́ gbàdúrà fún wa: "Òjúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. A ó lékè!" Màá ní àmín. Bó bá ṣe àmín tiẹ̀ tán, á gbé kọ́ọ̀pù wá síwájú mi: "Orobo, gbà, mu ún kó tó tutù." Tíì tó korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀! Mo mu ún, mo mu ún, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé mò ń mu nǹkan.

Lọ́jọ́ kan lásìkò òjò, mò ń ti Ìsọlọ̀ bọ̀, níbi tí mo ti ń di bisikíìtì sínú páálí. Omi ti gba àdúgbò wa. Àwọn ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pọn èèyàn kọjá omi. Wọ́n pọn màmá àgbà kan. Wọ́n pọn bọ̀dá kan tó wọ kóòtù, tó gbé bàtà ẹ̀ mọ́ àyà bí ọmọ ìkókó. Ó wá kàn mí. Èyí tó yẹ kó pọ̀n mí wò mí látòkè délẹ̀, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Tí mo bá gbé yín, àwa méjèèjì la máa rì. Ẹ dúró de típà."

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi wà lódìkejì, wọ́n ti pọn òun kọjá ní tiẹ̀, òun ló sì rẹ́rìn-ín jù. Ó pariwo látọ̀hún: "Má dá a lábàá pé wàá wọ inú omi yẹn o! O máa rì bí ọlọ!"

Ojú tì mí débi pé kọ́kọ́rọ́ ilé bọ́ lọ́wọ́ mi. Kọ́kọ́rọ́ kékeré tí ọmọ ọwọ́ lè fi ṣeré. Jọ́bọ́! Ó rì. Mo ṣì ń wo ibi tó wọlé sí nígbà tí kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan ń bọ̀, omi ló gbé e jáde láti ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan. Kẹ́ẹ̀gì ńlá, tó kún, irú èyí tó jẹ́ pé èèyàn méjì ní láti gbé e runi. Ó ń léfòó lọ jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun.

Mo wò ó títí ó fi yà ní kọ́nà. Kí ló fa èyí? Nǹkan tó fúyẹ́ rì, nǹkan tó wúwo léfòó. Ta ló wá sọ fún àwọn oníwàhálà yìí pé èmi máa rì? Ibẹ̀ ni mo dúró sí títí omi fi fà, ọ̀rọ̀ yẹn ló sì wà lọ́kàn mi. Mo ní màá mọ̀ ọ́n. Bí èèyàn bá kọ̀ láti gbé mi, kí n mọ̀ bóyá omi náà kọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn àdúrà, mo bi ẹ̀gbọ́n mi: "Àǹtí mi, 'a ó lékè' tí ẹ ń sọ yìí, ṣé èmi náà wà níbẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìyẹn, kò kan omi. Mu tíì ẹ."

Ẹ ò rí i! Òjúoró lè lékè, òṣíbàtà lè lékè, àbúrò ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ lékè.

Bí mo ṣe gba òtẹ́ẹ̀lì kan lọ nìyẹn lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àgọ́ Palace, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ń bọ̀, òun ò lè jẹ́ kí eré yẹn ré òun kọjá. Mo di irin etí púùlù mú bí ẹni di ọ̀run mú. Kóòṣì, ọkùnrin kan tí iṣan le lára ẹ̀ bí okùn, ní kí n fi í sílẹ̀.

"Mi ò ní rì?"

"Àǹtí, ṣé ẹ ti rí ọbẹ̀ tí epo ẹ̀ wà nísàlẹ̀ rí?"

"Rárá."

"Ọ̀rá ara yín náà nìyẹn. Ẹ mí sínú dáadáa, ẹ gbé àyà sókè, ẹ má bá omi jà."

Mo fi irin sílẹ̀. Omi gbé mi.

Ibẹ̀ ni ohun tí tíṣà sáyẹ́ǹsì wa kọ́ wa, tí mo há sórí tí mo sì gbàgbé, ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Omi ò bìkítà bó o ṣe wúwo tó. Àyè tó o gbà lára òun ló ń wò. Kọ́kọ́rọ́ gba àyè bíńtín, ó wúwo ju omi tó lè kún àyè yẹn lọ, ó rì. Kẹ́ẹ̀gì gba àyè ńlá, epo inú ẹ̀ fúyẹ́ ju omi, omi gbé e. Èmi náà gba àyè. Mo gbà á gan-an! Tírélà kọ́, ọlọ kọ́, kẹ́ẹ̀gì epo pupa ni mí.

Kóòṣì yíjú sí etí púùlù. "Àǹtí oní-fóònù, ó ku ẹ̀yin o."

Àwọn èèyàn ń wò ó, kò lè sá. Ó bọ́ wíìgì ẹ̀, ó wọlé, ó sùn sórí omi bí mo ṣe sùn. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kọ́kọ́ lọ sílẹ̀. Ìdí tẹ̀ lé e. Kó tó dé àyà, ó ti dúró ṣánṣán nínú omi bí igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbìn, ó ń gbé omi mì, ó ń na ọwọ́ sí mi, èmi orobo! Kóòṣì fà á jáde.

"Ẹ má bínú, egungun ló pọ̀ lára yín. Bíi tèmi náà ni. Àwa ní láti máa fẹsẹ̀ ta omi."

Ṣé mo káàánú ẹ̀? Mo rẹ́rìn-ín débi pé afẹ́fẹ́ tán láyà mi, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn ẹ̀ ti há, ó ń fi í gbàdúrà. Bó ṣe dé "a ó lékè," mo ké àmín kan tí àwọn ará yàrá kejì fi gbá ògiri. Ó ṣì gbé tíì dé, kò tijú. Mo gba kọ́ọ̀pù, mo yọ báàgì tíì tuntun kan látinú páálí ẹ̀, mo jù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ìwẹ̀ mi. Ó léfòó díẹ̀, ó mu omi yó, ó rọra rì.

"Ẹ wò ó, Àǹtí mi. Tíì yín náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń lékè."

Mo da èyí tó wà nínú kọ́ọ̀pù sí gọ́tà. Mo wẹ̀, mo wọṣọ, mo lọ ra àkàrà gbígbóná, mo jókòó síwájú ẹ̀, mo sì jẹ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí epo ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ mi.