Agbada Tí Kì Í Dógùn-ún

Bí ẹ bá fẹ́ ra agbada ìdínja, ẹ má tìtorí pé ó ń dán kí ẹ sanwó. Ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e, kó wúwo lọ́wọ́ yín. Ẹ fọwọ́ pa ìdí rẹ̀, kó nípọn, kó tẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹ kan etí rẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Èyí tó bá ti sán, ohùn rẹ̀ á kú lójú ẹsẹ̀. Èyí tó dáa á dún káń, ohùn náà á sì pẹ́ kó tó lọ.

Òde-Omi ni ìyá mi ti dín ẹja tà títí ó fi darúgbó, agbada irin kan ṣoṣo ló sì lò. Ọṣẹ kò gbọdọ̀ kàn án. Tó bá dínja tán, á fi àkísà nù ún, á fi iyọ̀ ha á, á gbé e padà sórí iná kó gbẹ, á wá fi òróró pa á lára bí ẹni ń pa ọmọ ìkókó lára. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, á fi ṣíbí kan etí rẹ̀, káń, káń, káń. Bàbá mi tó wà nínú ọkọ̀ lójú ọ̀sà á gbọ́, á sì pariwo pé, "Mò ń bọ̀ o!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ara wọn títí ìyá mi fi kú.

Nígbà tó kú, mo ti ilé Òde-Omi pa, mo mú bàbá wá sọ́dọ̀ mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Mo ra páànù tuntun, èyí tí wọ́n ní oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, mo dín ẹja fún un. Kò jẹ ẹ́. Mo se ìkọ́kọrẹ́, kò jẹ ẹ́. Fún ohun tó lé lọ́dún kan, ẹ̀kọ mímu díẹ̀ ló fi ń gbé ẹ̀mí ró. Mo bẹ̀bẹ̀, mo jágbe, mo sunkún. Egungun àyà rẹ̀ ti ń yọ, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ebi ni yóò pa bàbá mi sí mi lọ́wọ́.

"Kò sẹ́nikẹ́ni nínú ẹja yìí," ló wí. "Lọ bá mi gbé agbada Yèyé rẹ wá."

Mo wọ ọkọ̀ ilẹ̀, mo wọ ọkọ̀ omi. Ilé náà ti wà ní títì ju ọdún kan lọ. Atẹ́gùn ọ̀sà ti jẹ àgádágodo débi pé kọ́kọ́rọ́ kò ṣí i mọ́. Òkúta ni èmi àti màmá tó ń gbé ilé kejì fi fọ́ ọ. Nínú ilé ìdáná, ọ̀bẹ ti dógùn-ún, àdá ti dógùn-ún, àwọ̀n irin orí ààrò ti pọ́n rúsúrúsú. Agbada ìyá mi wà lórí ìṣó rẹ̀, ó dúdú, ó ń kọ mọ̀nà. Mo fi ìka kàn án. Òróró ni, òróró tuntun, kò tíì rùn rárá.

"Màmá, ta ló ń wọ ibí yìí?"

"Àgádágodo tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ yìí náà ńkọ́?" ló bi mí padà. "Ṣùgbọ́n à ń gbọ́ ọ o. Lọ́sàn-án gangan, à ń gbọ́ káń, káń."

"Ta ló ń kan án?"

"Ìwọ náà! Èmi lo wá ń bi? Gbé e máa lọ, má sì kan án lójú omi."

Kẹ́mísìrì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Àgọ́-Ìwòyè. Irin, omi, atẹ́gùn: tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé, irin á dógùn-ún, kò sí àríyànjiyàn. Mo gbé agbada náà lé itan nínú ọkọ̀ omi, oòrùn ń ràn ganrínganrín, òtútù sì ń mú mi.

Mo fi dín epìyà lọ́jọ́ náà. Bàbá fi mu gaàrí, ó lá ìka rẹ̀, ó tún béèrè òmíràn. Láàárín oṣù díẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún padà. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n n kò fi òróró pa agbada yẹn rí. Ìgbàkígbà tí mo bá mú àkísà lọ bá a, wọ́n á ti fi òróró pa á. Kì í ṣe bàbá, nítorí kò lè dá rìn dé ilé ìdáná. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo pa ẹnu mi mọ́. Ohun tó ń bọ́ bàbá mi, ṣé kí n lé e lọ ni?

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mò ń ha ìpẹ́ ẹja. Láti ibi tí mo wà, mò ń rí agbada lára ògiri ilé ìdáná. Kò mì. Ó dún: káń, káń, káń.

Yéè! Ìgbà yẹn ni orí mi tó ṣí. Ìyá mi kì í kan agbada kí bàbá lè sanra. Ó ń kan án kó lè máa bọ̀ nílé ni.

"Bàbá, ẹ má dáhùn!" Mo ju ọ̀bẹ sọnù, mo sáré.

"Mò ń bọ̀ o!" Ohùn ọ̀dọ́kùnrin ni, ó ń ti ọ̀nà jíjìn wá.

Mo bá a lórí àga rẹ̀ ní pálọ̀. Ó ti ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì mí mọ́. Mo ní, "Innā lillāhi," mo jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí a ṣàdúrà ọjọ́ kẹjọ tán, tí àlejò lọ, mo wọ ilé ìdáná. Agbada náà ti dógùn-ún, ó pọ́n láti etí dé ìdí, bíi ti gbogbo irin tí kò ní olùtọ́jú. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo fi iyọ̀ ha á, mo gbé e sórí iná kó gbẹ, mo fi òróró pa á fúnra mi. Mo wá mú ṣíbí, mo kan etí rẹ̀. Ó dún káń, ohùn náà sì pẹ́ kó tó lọ.

Mo dúró, mò ń tẹ́tí. Kò sẹ́ni tó dáhùn.