Iná Àárọ̀ Láti Àrò Ìyá Àgbà

Òórùn eérú tí ìrì ti sẹ̀ sí lórí ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láàárọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìdáàṣà. Ẹsẹ̀ òkè ni agboolé wa wà, àrò ìyá bàbá mi sì wà lókè díẹ̀, lẹ́bàá igi máńgòrò. Ọ̀dọ̀ Tántì, ìyàwó àbúrò bàbá mi, ni mo ń gbé, torí oko ni àwọn òbí mi wà ní Kpingni, ilé ìwé sì jìnnà sí wọn. Kò sẹ́ni tó ń bi mí pé ọmọ ta ni mí. Ibi tí oúnjẹ bá ti jinná ni gbogbo àwa ọmọ ti ń jẹun, ẹni tó bá sì sún mọ́ ọ nígbà tó o ṣẹ̀ ló máa nà ọ́.

Iṣẹ́ tèmi ni láti lọ bu iná. Ìyá àgbà nìkan ló ń tọ́jú iná mọ́jú. Á fi eérú bo ẹyin iná, tílẹ̀ bá mọ́, ọmọ kan láti ilé kọ̀ọ̀kan á gbé àpáàdì lọ bá a. "Ṣé wọ́n jí ire?" ló máa ń bi wá kó tó bu iná fún wa. Bí mo bá ní Tántì ń wúkọ́, ewé àgbo á tẹ̀lé iná náà wálé. Èmi kàn rò pé ìṣáná ló wọ́n ni.

Nígbà tó yá, àbúrò bàbá mi ra gáàsì bọ̀ láti Kútọ̀nù. Inú Tántì dùn débi pé ó fi aṣọ bo ìgò rẹ̀ bí ìyàwó tuntun. "Má lọ bu iná mọ́," ló wí fún mi. "Èéfín ti tán lójú mi." Inú mi dùn, torí màá lè sùn sí i.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì gan-an la gbọ́ ìró ọ̀pá lórí àpáta. Wọ́n ní àpáàdì ló tó kojú iná, ṣùgbọ́n Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló gbé e sọ̀kalẹ̀ wá, ẹyin iná wà nínú rẹ̀. Tántì sáré jáde. "Ìyá, ẹ̀yin fúnra yín?"

"Mi ò rí ọmọ. Mo ní bóyá àìsàn ni." Ìyá àgbà wo iná gáàsì aláwọ̀ aró náà títí. "Iná yín dára, kò léèéfín. Ṣùgbọ́n ta ló máa wá sọ fún mi pé ẹ jí?"

Tántì kúnlẹ̀, ó gba àpáàdì lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ á wá lọ́la, Ìyá."

Mo sì lọ. Gáàsì la fi ń se oúnjẹ, síbẹ̀ mò ń bu iná láràárọ̀, tí a ń dà á sínú àrò tí kò sí ìkòkò lórí rẹ̀. Àwọn ará ilé fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé atẹ́gùn là ń dáná fún. Ìgbà tí mo dàgbà ló yé mi pé ìròyìn àlàáfíà wa ni Ìyá àgbà ń rà, iná ló fi ń san án.

Ìyá àgbà ti lọ. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, olùkọ́ wa ní bàbá, ìyá àtọmọ ló ń jẹ́ ìdílé. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò, mo yege, ṣùgbọ́n mi ò gbà á gbọ́. Yàrá kan ni mò ń dá gbé ní Kútọ̀nù báyìí. Àárò ilé ń sọ mí, ó ń sọ mí gidi. Ikọ́ ṣe mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo tan gáàsì, ó gbiná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò sì sí ewé kankan tó tẹ̀lé e wá.