Bí Mo Ṣe Gbé Sítẹ́rìò Bàbá Mi Lọ sí Másẹ̀

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo fi ìró àtijọ́ méjì wé sítẹ́rìò Bàbá mi, tí mo gbé e rù jáde nílé wa ní Ìlaró. Inú ń bí mi. Inú ti ń bí mi láti alẹ́ àná, mo sì sun ún mọ́jú.

Rafíù, ọmọ Másẹ̀ tó wà lágbègbè Àjàwẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ló tà á fún mi ní Ìdìrókò, níbi tó ti ń ta àlòkù. Sítẹ́rìò ayé àtijọ́ ni, onípákó lẹ́gbẹ̀ẹ́, irú èyí tí Bàbá ní nígbà tó ṣì ń ríran. Bàbá ti fọ́jú báyìí. Ó ní bí gbohùngbohùn rẹ̀ méjèèjì, tọ̀tún tòsì, bá ń dún, òun a máa mọ ibi tí olórin dúró sí àti ibi tí onígìtá jókòó sí, bíi pé wọ́n wá kí òun ní pálọ̀. Kò pẹ́ tí a gbé e délé ni apá òsì kú fin-ín. Bàbá ní ìdajì àwọn àlejò òun ti lọ, kò sì tan án mọ́. Èmi ni mo pe Rafíù lórí fóònù. Ó ní kí n gbé e wá, pé òun ti padà sílé. Ẹ gbọ́ ná! Ẹni tó ta ọjà tí kò pé fúnni ló tún ń pàṣẹ pé ká gbé e kọjá bodè wá bá òun.

Ní bodè, aṣọ́bodè kan bi mí bóyá títà ni mo fẹ́ lọ tà á. Mo ní, "Ọ̀gá, ta ló ń ru àlòkù lọ sí ibi tí àlòkù ti ń wá?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa lọ. Takisí gbé wa gba Ìfọ̀nyìn àti Ṣakété kọjá. Ọ̀dà ojú ọ̀nà wọn dán ju tiwa lọ, ìyẹn gan-an tún dá kún ìbínú mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n to bẹntiróòlù sínú ìgò ńláńlá. Kpayo ni wọ́n ń pè é, èdè Gùn ni, ohun tí kì í ṣe ojúlówó. Mo ní ó dáa, mo ti rí orúkọ tí mo máa pe sítẹ́rìò mi.

Ní Pọbẹ̀ mo jẹ abọ̀bọ̀, ẹ̀wà sísè tí wọ́n bu epo pupa lé. Àwa nílé a máa ń fi omi sí gàrí tí a fi ń jẹ ẹ̀wà, ṣùgbọ́n gbígbẹ ni wọ́n ń wọ́n ọn lé e níbẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún sefà, owó ilẹ̀ wọn, ni, ó sì yó mi. Láti ibẹ̀ mo gun alùpùpù tí wọ́n ń pè ní zémijàn. A gba Àjàwẹ̀rẹ̀, a wọ ọ̀nà oko, ẹ̀gẹ́ lọ́tùn-ún, àgbàdo lósì, eruku pupa sì bo gèlè mi títí a fi dé Másẹ̀.

Rafíù dọ̀bálẹ̀ nígbà tó rí mi. "Táǹtì, ẹ kú ìrìn! Ẹ má bínú." Mo ní mo ń bínú. Kò janpata, ó tú ìdérí sítẹ́rìò, ó gbọn eruku inú rẹ̀, ó sì fi hàn mí ibi tí òjé tó so wáyà pọ̀ ti sán lẹ́yìn ihò tí wáyà apá òsì ń wọ̀. Ó fi irin gbígbóná yọ́ òjé tuntun sí i.

"Ó ti parí, Táǹtì."

"Tàn án kí n gbọ́."

Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "A ò lè tàn án. Kúráǹ wà o, iná ò lọ, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan papò dà ní agboolé kejì. Títí ọjọ́ keje, a kì í kọrin, a kì í tan rédíò ládùúgbò yìí. Ẹ máa gbé e lọ, mo fún yín ní garantí."

Ara mi gbóná. "Garantí ti ọjọ́sí dà? O tà á fún mi láì pé, o tún fẹ́ kí n gbé e lọ láì gbọ́ ọ? Èmi ò ní òkú ní Másẹ̀ o!"

Ohùn mi ròkè. Àwọn tó jókòó sábẹ́ ìbòòji ní agboolé kejì yíjú wò wá. Rafíù wolẹ̀. Ó ní ibì kan ṣoṣo ló kù, ibi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Wọn kì í dá ẹ̀rọ oúnjẹ dúró nítorí ọ̀fọ̀, ariwo rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí orin kankan kò ní jáde kúrò níbẹ̀.

A ru sítẹ́rìò àti gbohùngbohùn rẹ̀ méjì la oko ẹ̀gẹ́ kọjá. Ó fi wáyà mọ́ ẹ̀rọ amúnáwá tí wọ́n ń pè ní gúrúpù, ó sì tan sítẹ́rìò. Ariwo ẹ̀rọ bo gbogbo rẹ̀! Mo pariwo pé, "Mi ò gbọ́ nǹkan kan!"

Rafíù náà pariwo padà, "Ẹ fọwọ́ lé e!"

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì lé gbohùngbohùn. Tọ̀tún ń gbọ̀n. Tòsì náà ń gbọ̀n. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi etí lẹ̀ mọ́ tòsì, mo gbọ́ gìtá fínńfínń. Àwọn obìnrin tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ wo èmi ìyá ọlọ́mọ tó ti Ìlaró wá fọwọ́ gbọ́ orin! Mo di ẹrù mi, mi ò kí ẹnikẹ́ni, mo gun zémijàn padà.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo délé. Bàbá wá bọ́tìnnì kiri, ó rí i, ó tẹ̀ ẹ́. Orin kún pálọ̀. Ó yí orí díẹ̀ sí òsì, ó sì nawọ́ síbẹ̀. "Onígìtá ti dé," ó wí, ẹ̀rín sì bo gbogbo ojú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ mi. Mo ro ti bodè, mo ro ti eruku, mo ní, "Bàbá, wọn ò jẹ́ kí n dán an wò ládùúgbò, nítorí òkú kan, àfi kí ọjọ́ keje pé!"

"Ta ló kú?"

"Ìyá àgbà kan ni."

"Ọmọ ta ni? Àwọn wo ló fi sílẹ̀? Ṣé o yà kí wọn?"

Mo ní mi ò bèèrè. Bàbá tún wá bọ́tìnnì náà kiri, ó pa sítẹ́rìò.

"Ọjọ́ mélòó ló kù kí ọjọ́ keje pé?"

Mi ò bèèrè ìyẹn náà.