Olóorun Tó Ń Gba Ipò Kìn-ín-ní

Kí ló dé tí Ọlọ́run fi máa ń fún ẹni tí kò béèrè? Títí dòní, lẹ́yìn tí wọ́n ti sin Olóorun ọ̀rẹ́ rẹ̀, Pásítọ̀ kò tíì rí ìdáhùn sí i.

Pásítọ̀ kì í ṣe pásítọ̀ o, ẹnjiníà ni. Àdúrà tó máa ń gbà kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ gíga, níbi tí òun àti Olóorun ti jọ ń gbé yàrá. Orúkọ ti Olóorun, ọjọ́ ìdánwò lórí afárá kíkọ́ ló gbà á. Pásítọ̀ ti gbààwẹ̀, ó ń kọ̀wé wàràwàrà. Olóorun ka ìbéèrè tán, ó ya afárá kékeré kan, ó gbórí lé tábìlì, ó dijú. Olùṣọ́ ìdánwò fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní ṣé ara rẹ̀ kò yá ni.

“Ó yá, sà. Orí afárá ni mo wà. Ẹ jẹ́ kí n sọdá ná.”

Nígbà tí èsì jáde, òun ló ṣe ipò kìn-ín-ní, Pásítọ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ kíláàsì ní, “Pásítọ̀, pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run lo bẹ̀, Olóorun ló gbà á.”

Owú jẹ Pásítọ̀ wọ egungun, ṣùgbọ́n ìtara ló ń pè é. Nígbà ìdánwò tó tẹ̀ lé e, òun náà gbórí lé tábìlì. Ààwẹ̀ àti àárẹ̀ pàdé. Ìgbà tí wọ́n ń gbàwé níwájú rẹ̀ ló tó jí. Olóorun gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ìwọ sùn, ọ̀rẹ́ mi. Èmi kàn máa ń dijú ni.”

Kì í ṣe ahun, kò fi ọgbọ́n náà pa mọ́. Ó ní kó kọ́kọ́ ka gbogbo ìbéèrè, kó bẹ̀rẹ̀ níbi tó mọ̀, kó yàwòrán kó tó ṣírò, kó sì kọ ìwọ̀n, bíi mítà tàbí kílò, sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, torí nọ́ńbà tí kò ní ìwọ̀n, àlejò tí kò sọ ibi tó ti wá ni. Pásítọ̀ lò ó, ó yege dáadáa. Olóorun fi máàkì kan ṣoṣo jù ú lọ, máàkì ọ̀hún gan-an, ńṣe ló lọ bá olùkọ́ jiyàn kó tó rí i gbà.

Ọdún gorí ọdún, àìsàn dá Olóorun dùbúlẹ̀. Nígbà tí Pásítọ̀ dé ọsibítù, Olóorun ń fi àìsàn náà ṣẹ̀fẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín. Owú tún ta Pásítọ̀ lọ́kàn. Bó bá ṣe òun ni, ẹ̀rù ì bá ti pa òun, tòun ti gbogbo àdúrà òun.

Àwọn nọ́ọ̀sì jáde. Ẹ̀rín Olóorun dá. Ó di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú.

“Bá mi gbàdúrà, ọ̀rẹ́ mi. N ò mọ̀ ọ́n gbà. Máa gbà á díẹ̀díẹ̀, kí n lè máa tẹ̀ lé ọ.”