Àgbébọ̀ Tí Àwọn Awó Mọ̀ Ní Ìyá

Sùwéébátù Àdùkẹ́ Ògúnlàdé, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, kò lè fìdí kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ní Asese. Adìyẹ rẹ̀ ti wọlé. Ọ̀dọ́ awó mẹ́jọ tí ó ń sìn pọ̀ mọ́ wọn kò tíì wálé. Igbó ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti ń ké, igbó tí katapílà yóò wó lọ́la.

Ohun mẹ́ta ni awó kì í fẹ́: òrùlé, ọwọ́ ènìyàn, àti okùn. Nítorí náà ni Sùwéébátù ṣe kó ẹyin wọn sábẹ́ àgbébọ̀ dúdú kan. Àgbébọ̀ náà ló sàba lé ẹyin náà títí wọ́n fi pa, òun ló sì ń kó àwọn ọmọ awó náà wálé sórí igi máńgòrò lálaalẹ́.

“Bàbá Jamilah, àgbébọ̀ dúdú mi dà?”

Mùsáfírù, ọkọ rẹ̀, ń tú jẹnẹrétọ̀. Kò gbójú sókè. “Èyí tí kò yé mọ́ yẹn? Mo ti tà á fún Morádéyọ̀ onírẹsì.”

“Ìyá awó lẹ tà yẹn! Ẹ bá kúkú ta èmi náà mọ́ ọn.”

“Ta ni yóò rà ẹ́? Ariwo tìẹ ju ti awó lọ.”

Sùwéébátù kò dúró rẹ́rìn-ín. Ó sáré dé etí títì, níbi tí Morádéyọ̀ ti ń ta ìrẹsì. Àgbébọ̀ wà ní dídè mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì, omi sì wà lórí iná.

“Ìyá Jamilah, omi mà ti ń hó o!” ni Morádéyọ̀ wí.

“Dákun, fi se ìrẹsì. Àkùkọ méjì ni n ó fi dípò rẹ̀.”

Ó gbé àgbébọ̀ dé etí igbó, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó di okùn rẹ̀ mú. Àgbébọ̀ ké; awó yọjú. Ṣùgbọ́n bí okùn ti ń wọ́ lórí ewé bí ejò, wọ́n fò pìrì, wọ́n tún jìn sí i. Oòrùn ń wọ̀. Bí ó bá tú okùn náà, bí àgbébọ̀ bá sì wọ igbó, ìyá lọ, ọmọ lọ. Ó tú u.

Àgbébọ̀ gbọn ìyẹ́, ó fẹsẹ̀ wa ilẹ̀ díẹ̀, ó sì kọjú sílé. Awó kan bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Òmíràn tún bọ́ sí i.

Àwọn ará Asese ń sọ ọ́ kiri pé okùn ni Sùwéébátù fi wọ́ àgbébọ̀ yí igbó ká, tí awó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fi tẹ̀ lé e. Kò rí bẹ́ẹ̀. Okùn ló lé méjì lọ, wọn kò sì padà mọ́. Àwọn mẹ́fà tó wálé, ẹ̀yìn àgbébọ̀ tí kò sí okùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n tò wá.