Ẹni Tó Ní Kí N Bá Òun Sọ Ẹ̀gẹ́ Kalẹ̀

Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mo tètè sọ ọjọ́ orí mi kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọmọdé tó ń fi àlá ṣe ìtàn ni mí, tàbí arúgbó tí iyè rẹ̀ ti ra. Iyè mi pé. Ojú mi ń ríran. Mi ò mutí rí láyé mi.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má kọ ohun tí wọn kò rí. Nítorí náà, ohun tí ojú mi rí nìkan ni n ó kọ síbí. Ibi tí mi ò bá mọ̀, n ó sọ pé mi ò mọ̀. Irú ibẹ̀ sì pọ̀.

Èdè Ìkálẹ̀ wa ni gbogbo wa sọ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n Yorùbá tí ẹ̀yin ará ibòmíràn náà yóò gbọ́ ni mo fi kọ ọ́.

Àdúgbò wa kò jìnnà sí Àyèká. Orí òkè ni ilé mi wà, lórí ilẹ̀ pupa wa yìí, tí amọ̀ rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà títí bàtà yóò fi wúwo bí irin. Ẹni tó bá fẹ́ dé odò gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà tóóró kan sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà tí àgbàrá ti gbẹ́ bíi kòtò. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni a ń pè ní Ẹsẹ̀-Òkè. Ibẹ̀ ni àbúrò mi Títí ń gbé. Ọmọ ìyá kan náà ni wá, àwa méjì péré la sì kù nínú ọmọ ìyá wa.

Pupuru ni Títí ń ṣe tà. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀gẹ́ ni a ń bó, a ó dì í sínú àpò, a ó sì rì í sínú odò títí yóò fi rọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n roboto, a ó sì yan án lórí àjà iná títí èéfín yóò fi mú ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ló ní èèkàn tirẹ̀ létí odò, tó ń so okùn àpò rẹ̀ mọ́. Èèkàn ìyá wa ni Títí jogún.

Àṣà kan wà lọ́dọ̀ wa tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹ̀gẹ́ tó ti mu omi wúwo púpọ̀. Bí a bá pàdé ẹni tó rù ú bọ̀ lójú òkè yẹn, a kì í kí i, a kì í bi í léèrè ọ̀rọ̀, a kì í pe orúkọ rẹ̀. A ó kọ́kọ́ bá a sọ̀ ọ́ ná, kí ó mí, kí a tó kí i. Ìwà ọmọlúàbí ni. Èmi gan-an ti bá ọmọ ilé-ìwé wí rí nítorí pé ó dá ìyá kan dúró sójú ọ̀nà, ó ń kí i pẹ̀lú ẹrù lórí.

Lọ́dún náà, òjò kọ̀, kò sinmi. Ẹ mọ̀ pé nínú oṣù kẹjọ, òjò máa ń fún wa láàyè díẹ̀ kí a fi sá nǹkan. Lọ́dún yẹn, kò fún wa láàyè kankan. Aṣọ kì í gbẹ. Olú ń hù lára ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi, ẹ gbà mí gbọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Títí. Òun àti obìnrin aládùúgbò rẹ̀ kan jókòó, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́.

“Títí,” mo wí, “fa ẹ̀gẹ́ rẹ jáde nínú odò lónìí, kí o sì wá sùn lọ́dọ̀ mi.”

“Kò tíì rọ̀, Àǹtí. Ó di ọ̀la.”

“Odò ti kún.”

“Ọdún wo ni kì í kún?”

Aládùúgbò rẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Màmá Tíṣà, ẹ kúkú sọ fún odò náà kó kúnlẹ̀, kó káwọ́ sókè.”

“Kó sì kọjú sí ògiri,” Títí fi kún un.

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́.

“Ó dára. Ṣùgbọ́n bí o bá ń fa okùn, má ṣe wé e mọ́ ọwọ́. Dì í mú lásán. Bí omi bá fẹ́ gbà á, kí o lè jọ̀wọ́ rẹ̀.”

“Àǹtí, ṣé n ò ní dàgbà lójú yín ni? Mo ti ní ọmọ-ọmọ o!”

“Dá mi lóhùn.”

Ó dìde, ó na ara rẹ̀ gbọọrọ bí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní. “N ò ní wé e mọ́ ọwọ́, mà!”

Ohùn rẹ̀ tí mo gbọ́ kẹ́yìn nìyẹn. Ó yẹ kí n tún un ṣe: mi ò mọ̀ bóyá ohùn rẹ̀ tí mo gbọ́ kẹ́yìn nìyẹn.

Ọ̀sán ni ohun tó kù ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí ní ọjà Ilútitun máa ń sọ pé òru ni. Kì í ṣe òru. Ọ̀sán ni, àmọ́ ojú ọ̀run ṣú débi pé àwọn adìyẹ mi ti wọ̀.

Òjò náà kò rọ̀ bí òjò, ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń da omi inú àgbá. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ìró kan láti apá òkè odò, bí ìgbà tí ọkọ̀ agbégi mẹ́ta bá ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi ti ya.

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Aládùúrà tó wà lórí òkè wa bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ibẹ̀ ni gbogbo ará Ẹsẹ̀-Òkè sá lọ. Àwọn kan ru ìkòkò, àwọn kan gbé ewúrẹ́ mọ́ àyà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bọ́sẹ̀, ọmọ Títí, dé pẹ̀lú ìkókó rẹ̀ lẹ́yìn.

“Màmá mi dà?” ó bi mí.

“Ìwọ ni mo fẹ́ bi.”

“Wọ́n ní kí n máa lọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fa ẹ̀gẹ́ jáde, àwọn ń bọ̀ lẹ́yìn mi.”

Mo gba ọ̀nà tóóró náà lọ. Àgbàrá ń bá mi rìn, koríko ni mo ń dì mú kí n má baà ṣubú. Mi ò tíì dé ìdajì ọ̀nà nígbà tí mo rí i.

Títí ni. Ẹ gbà mí gbọ́, mo mọ àbúrò mi. Ìró aláwọ̀ ewé tó ró láàárọ̀ ló ṣì wà nídìí rẹ̀. Àpò ẹ̀gẹ́ wà lórí rẹ̀, aṣọ pupa tó máa ń fi di ẹnu àpò náà ń jò tótó. Omi funfun ń ṣàn láti inú àpò sí ojú rẹ̀, sínú ojú gan-an, kò sì ṣẹ́jú. Ó ń gòkè bọ̀ jẹ́jẹ́ lórí amọ̀ tó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Kò yọ̀. Ọwọ́ òsì ló fi di àpò mú. Ọwọ́ ọ̀tún wà lábẹ́ ìró.

Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Orúkọ rẹ̀ ti dé ètè mi, ṣùgbọ́n ẹrù wà lórí rẹ̀, àṣà tó ti wà lára mi láti kékeré sì pa mí lẹ́nu mọ́.

“Ẹ bá mi sọ̀ ọ́,” ó wí. Wúyẹ́wúyẹ́ ló sọ ọ́. Mo ṣì ń ronú títí di òní bí mo ṣe gbọ́ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ariwo omi yẹn.

Mo na ọwọ́, a jọ sọ̀ ọ́. Gbogbo ènìyàn ló ń bi mí léèrè nípa àpò náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kedere. Ó wúwo. Ó tutù. Ó ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tó ti ń kan. Ìka Títí kan ìka mi lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà tutù, ṣùgbọ́n ta ni ara rẹ̀ kì í tutù nínú irú òjò bẹ́ẹ̀?

“Ọwọ́ ń dùn mí, Àǹtí,” ó wí.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fi àpò náà ti ìdí igi ọ̀pẹ kan, kó má baà yí. “Kú iṣẹ́, Títí,” mo wí. “Ṣé o rántí ohun tí mo sọ láàárọ̀?”

 Mo gbójú sókè. Kò sí ẹnikẹ́ni.

Mo rò pé ó ti kọjá mi gòkè lọ bá ọmọ rẹ̀ ni. Kí ni ǹ bá tún rò? Ẹrù rẹ̀ rèé níwájú mi. Mi ò wo ilẹ̀ bóyá ipa ẹsẹ̀ wà. Èmi tí mo máa ń wo gbogbo nǹkan, mi ò wo ilẹ̀.

Ibẹ̀ ni Bàbá Ràfíù bá mi, òun àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin pẹ̀lú okùn gígùn. Mùsùlùmí ni Bàbá Ràfíù, ibi tó ti ń fún epo pupa wà lẹ́bàá odò, kò sì sí ẹni tó mọ omi náà tó o. Ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Màmá Tíṣà, ẹ ò gbọdọ̀ wà níbí. Wọ́n ní Títí ṣì wà létí odò.”

“Ó ti gòkè,” mo wí. “Èmi ni mo bá a sọ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gẹ́ náà rèé.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan àpò náà. Ó fa aṣọ pupa ẹnu rẹ̀ díẹ̀. “Alihamudulilahi,” ó wí. Ó yíjú sí àwọn ọ̀dọ́. “Ó yá, apá kejì! Baba arúgbó kan wà lórí páànù ilé rẹ̀.”

Wọ́n lọ sí apá kejì. Wọ́n gba bàbá náà là, òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Mo gbọ́dọ̀ dúpẹ́ fún ìyẹn.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀ṣì, Bọ́sẹ̀ sáré pàdé mi. “Ẹ rí wọn?”

“Ṣé kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ ni?”

Ojú rẹ̀ yí padà. Mi ò lè kọ bí ojú náà ṣe rí.

A wá a láàárín gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, láàárín àwọn aláṣọ funfun, lẹ́yìn pẹpẹ, nínú ilé Wòlíì. Kí a tó wá a tán, ilẹ̀ ti ń ṣú, omi sì ti bo ìsàlẹ̀ ọ̀nà tóóró náà. Bàbá Ràfíù fẹ́ padà lọ. Ọkùnrin mẹ́ta ló dì í mú. Àwọn ènìyàn ń tù mí nínú. “Ó ní láti jẹ́ pé ó yà sílé ẹnìkan. Ṣebí ẹ rí i, Màmá Tíṣà?” Gbogbo wọn ló gbà mí gbọ́. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Tíṣà kì í purọ́.

Omi fà ní ìdájí. Ìdí èèkàn ìyá wa ni wọ́n ti rí i.

Okùn wé mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó ti wọ inú ẹran. Ìpẹ̀kun kejì okùn náà so mọ́ àpò ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tó há sábẹ́ gbòǹgbò, aṣọ pupa wà lẹ́nu àpò náà. Igi kan tó ṣubú ti gbé orí àti èjìká rẹ̀ sókè, ó ga ju ibi tí omi ga dé lọ. Kò mu omi kú.

Àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní ara rẹ̀ ṣì rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní abẹ́ apá rẹ̀ kò tíì tutù tán.

Ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó wà láàyè nígbà tí mo ní ó ti gòkè. Ó wà láàyè ní gbogbo òru, ó so mọ́ ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ́ agogo wa lókè.

Bàbá Ràfíù àti èmi lọ sí ìdí ọ̀pẹ náà. Kò sí àpò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi kò ga dé ibẹ̀. Koríko ibẹ̀ dúró ṣánṣán, bí ibi tí nǹkan kò gbé lé rí.

“Mo fọwọ́ kàn án, Màmá Tíṣà,” ó wí jẹ́jẹ́.

“Mo mọ̀.”

A kò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ láàárín ara wa láti ìgbà náà.

Wòlíì ní ẹ̀mí àbúrò mi ló wá dágbére. Ẹni tí kò tíì kú ń dágbére kẹ̀? Bí òun ló wá pè mí fún ìrànlọ́wọ́, kí ló dé tí kò ní kí n sọ̀ kalẹ̀ sí odò? Bí kì í bá sì ṣe òun, ta ni, kí la sì ṣe fún un tó fi wá fi ara rẹ̀ hàn wá? Mo ti bi Ọlọ́run. Mi ò tíì rí ìdáhùn, mi ò sì rò pé n ó rí i mọ́.

Bọ́sẹ̀ kò bá mi jà. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi, ó ń gbé oúnjẹ wá. Ṣùgbọ́n kò gbé ọmọ rẹ̀ fún mi mọ́.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, òjò ọdún yìí náà ti mú, àwọn obìnrin sì ti ń rì ẹ̀gẹ́. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ bá kà á, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹsẹ̀ òkè àti etí odò: ẹ jẹ́ kí èyí kọ́ yín lọ́gbọ́n. Bí omi bá fẹ́ gbé ẹ̀gẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kó gbé e, òmíràn wà lóko. Bí ẹ bá sì rí ẹni yín tó ń ti inú àgbàrá bọ̀, ẹ má wo ti ẹrù orí rẹ̀, ẹ má wo ti àṣà. Ẹ pè é kó dáhùn. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, kí ẹ fà á dé àárín àwọn ènìyàn rẹ̀, kí àwọn náà rí i, kí ẹ tó la ẹnu sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ti dé.