Àdúrà tí Enda Ń Gbà ní Galway

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa Enda Glynn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi rẹ́rìn-ín. Fìlà onírun àgùntàn ni mò ń tà lẹ́bàá odò ní Galway, ìlú wa nílẹ̀ Áírìṣì, lẹ́nu ọ̀nà olókùúta àtijọ́ tí a ń pè ní Spanish Arch. Ibẹ̀ ni Enda máa ń kó àwọn àlejò rẹ̀ dé nígbà tí ìrìn wọn bá parí.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń to kọ̀ǹpútà ni Enda ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ibẹ̀ pa, ó ra agbòjò pupa kan tí àwọn àlejò á máa wò tẹ̀ lé e, ó ní òun ti di afinimọ̀nà. Wákàtí méjì péré ló fi ń mú àlejò yí ìlú po, láti gbàgede Eyre dé ṣọ́ọ̀ṣì Nicholas Mímọ́, títí dé etí omi níbi tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ funfun ọlọ́rùn gígùn wà. Ẹnu rẹ̀ dùn. Bí òjò bá pa wọ́n lójú ọ̀nà, á ní àwọn baba wa ló rán an wá kí wọn káàbọ̀.

Tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n túká, wọ́n á bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ èdè wa. Ohun tó sì ń ṣe wá ní Galway nìyẹn: ọdún mẹ́tàlá ni gbogbo wa fi kọ́ èdè Áírìṣì nílé ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wa ń sọ. Enda á ṣí fìlà, á dijú, á fi ohùn àlùfáà sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: *An bhfuil cead agam dul amach*. Á ní àdúrà ìrìn-àjò ni, pé àwọn mọ́ńkì ló máa ń gbà á kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Àwọn àlejò á ní àmín.

Àdúrà kọ́ o. “Tíṣà, ṣé kí n jáde lọ tọ̀?” ni. Kò sí ọmọ ilẹ̀ wa tí kò mọ̀ ọ́n, torí láti kíláàsì kìn-ín-ní, tíṣà kò ní jẹ́ kó o jáde tó ò bá fi èdè wa tọrọ àyè. Ẹni tó bá gbàgbé á tọ̀ sára. Gbogbo ìyókù ti fò lọ lórí wa, èyí nìkan ló kù. Nítorí náà, bí ọmọ ìlú bá ń kọjá nígbà tí Enda ń gbàdúrà, á kàn gé ètè jẹ, á máa lọ. Kò sẹ́ni tó tú àṣírí rẹ̀.

“Enda, wòlíì ilé ìtọ̀,” ni mo máa ń pè é.

“Noreen, má ba iṣẹ́ Olúwa jẹ́,” ni yóò dá mi lóhùn.

Ní oṣù Karùn-ún tó kọjá, obìnrin kan tó ń jẹ́ Darlene wá láti Amẹ́ríkà. Ìyá rẹ̀, tí wọ́n bí sí Carraroe nítòsí wa níhìn-ín, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sọ́hùn-ún ni. Ó mú àbúrò ìyá rẹ̀ dání, arúgbó kan tó ń jẹ́ Màmá Baibín, tí kò gbé níbòmíràn rí ju abúlé náà lọ. Carraroe kò jìnnà, àmọ́ èdè wa ni wọ́n fi ń bú ajá níbẹ̀. Màmá náà kò la ẹnu nínú gbogbo ìrìn yẹn, ni Enda kò fi mọ irú ẹni tó ń tẹ̀ lé òun.

Ó ṣí fìlà, ó dijú, ó gbàdúrà.

Màmá Baibín gbójú sókè, ó fi èdè wa dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Máa lọ, ọmọ mi, mo yọ̀ǹda.” Ó yé mi, torí ohun tí tíṣà máa ń fèsì náà nìyẹn. Ó yé Enda náà. Ìtìjú mú un.

Ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Darlene kò gbọ́ èdè wa; omijé ti kún ojú rẹ̀, ó ti fa ìwé pélébé kan yọ nínú báàgì.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ara òkúta sàréè màmá mi ni mo fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí.”

Enda gba bírò. Ó wò mí, mo wo ilẹ̀. Ó wo Màmá Baibín, màmá náà kò gbójú kúrò lára rẹ̀, kò sì gbà á sílẹ̀. Ojú tì mí débi pé n kò mọ ibi tí màá wọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ká ní mo ti bá a wí láti ọdún mẹ́fà yìí ni, ọ̀rọ̀ náà kì bá tí dé orí sàréè òkú olókùú.

“Mi ò lè kọ ọ́, mà,” ni Enda wí. “Kì í ṣe àdúrà. Bí ọmọ iléèwé ṣe ń tọrọ àyè láti lọ tọ̀ ni. Òun nìkan ni mo mọ̀.”

Ọkùnrin kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Darlene, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Darlene gba bírò rẹ̀ lọ́wọ́ Enda, ó dá ìwé rẹ̀ padà sínú báàgì. Èébú ì bá sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Màmá Baibín wá fi èdè wa bi Enda ní ìbéèrè kan. Kò yé e. Ó tún bi í, ọ̀rọ̀ kúkúrú mẹ́ta péré, kò yé e, kò yé èmi náà. Màmá bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́: “Ọmọ ta ni ẹ́? Ohun tí mò ń bi ẹ́ nìyẹn.”

“Delia Mulkerrin ló bí mi, mà. Ará Carraroe ni.”

Ọdún mẹ́fà tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí pé ará Carraroe ni ìyá rẹ̀.

Màmá náà fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá rẹ̀ mú. “Delia? Tó jẹ́ òun la máa ń ránṣẹ́ sí tẹ́nìkan bá kú, kó wá gbàdúrà lórí òkú? Àdúrà tó wà lẹ́nu Delia, ta ló lè kà á tán? Ṣé kò wá kọ́ ẹ ní ẹyọ kan ṣoṣo ni?”

“Ó ń kọ́ mi, mà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn. A jọ ń rìn lọ láàárín ìlú, ó ń fi èdè yẹn bá mi sọ̀rọ̀, ni mo bá rí àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ní kó dákẹ́, kó má dójú tì mí.”

“Kí ló wá ṣe?”

“Ó dákẹ́, mà. Kò sọ ọ́ létí mi mọ́, títí tó fi kú.”